Ẹ̀rọ adíyelé lórí ìkànnì aṣojú ìdójútòfò n'Ìkòròdú: ohun tó yẹ kó dá iye lé, àti bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ

Ṣé ó yẹ kí aṣojú ìdójútòfò (ínṣọ́ránsì) gbé ẹ̀rọ adíyelé sórí ìkànnì rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọjà tí ẹ ń tà ló yẹ kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dá iye lé. Third party ọkọ̀, ìyẹn èyí tó ń san fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ bá ṣe ní jàǹbá, tí NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso ìdójútòfò ní Nàìjíríà, ti fi iye lélẹ̀ fún, ẹ̀rọ lè ṣe é láìsí ìbẹ̀rù. Ìdójútòfò ẹ̀mí, ṣọ́ọ̀bù onípákó ní ọjà Sábó, iléeṣẹ́ ńlá ní Odógunyàn, ojú èèyàn gbọ́dọ̀ kàn wọ́n kí iye tó jáde. Comprehensive, tó ń san fún ọkọ̀ oníbàárà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, wà láàárín méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ aṣojú ti ń fi ẹ̀rọ pa ara wọn lára.

Ohun tí à ń pè ní ẹ̀rọ adíyelé níhìn-ín ni ojú ewé kan lórí ìkànnì yín tí oníbàárà á ṣí lórí fóònù rẹ̀, á dáhùn ìbéèrè bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, iye owó á sì yọ sí i lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pè yín.

Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, pé kò sẹ́ni tó ń ra ínṣọ́ránsì lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ ti ẹ̀mí tàbí ti ọjà. Ẹni tí wọ́n dá dúró ní Ògólóńtó láàárọ̀, tí wọ́n ní pátíkúlà rẹ̀ ti kọjá ọjọ́, kò fẹ́ kẹ́nì kankan wá jókòó ti òun. Iye owó ló fẹ́ mọ̀, ibi tó máa san án sí, àti ìgbà tí ìwé máa jáde.

Ẹ tún wo ìṣirò tiyín. Third party ọkọ̀ ara ẹni jẹ́ ₦15,000. Bí iléeṣẹ́ tí ẹ ń ṣojú fún bá ń fún yín ní 12.5% lórí mọ́tò gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ (commission), ₦1,875 ló kàn yín. Ẹ yọ owó ọkọ̀ láti Sábó dé Ìjẹ̀dẹ́ àti àbọ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ yọ owó ìpè, ẹ wá fi ààbọ̀ ọjọ́ tó lọ sí i. Iṣẹ́ yẹn ò pa owó wọlé mọ́. Ohun tí ẹ̀rọ wà fún gan-an nìyẹn: kó máa gba iṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́ yín, kí ẹ lè ráyè dé ọ̀dọ̀ onílé alájà mẹ́ta tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Igbógbó, ẹni tí ẹ̀rọ ò lè rí ilé rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́

Aṣojú kì í dá iye lé fúnra rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń ṣojú fún ló ń dá a lé. Iye tí ẹ bá gbé sórí ìkànnì yín, oníbàárà á kà á sí ọ̀rọ̀ ẹnu iléeṣẹ́ náà. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹni tó máa kọ́ ìkànnì, ẹ kọ lẹ́tà tàbí ímeèlì sí ẹ̀ka tó ń mójútó àwọn aṣojú, kí ẹ sì gba èsì lórí ìwé. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè gbé iye wọn jáde ní gbangba, iye ọjọ́ tí iye tí ẹ bá fún oníbàárà fi máa dúró, bí wọ́n ṣe fẹ́ kí orúkọ wọn hàn, àti bóyá wọ́n ti ní lìǹkì tí kóòdù aṣojú yín wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn lè fi owó ńlá pamọ́ fún yín. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ti ní ojú ewé tí èèyàn ti lè ra third party tán pátápátá. Tí lìǹkì tó ní kóòdù yín bá wà, ẹ má wulẹ̀ kọ́ tiyín fún third party. Ẹ fi bọ́tìnnì kan sórí ìkànnì yín kó gbé oníbàárà lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi nọ́ḿbà ọkọ̀ kan dán an wò kí ẹ rí i pé kóòdù yín kò jábọ́ lójú ọ̀nà. Nígbà míì ó máa ń jábọ́ tí ẹni náà bá ṣí lìǹkì láti inú Facebook, tó tún wá ṣí i nínú bíráúsà mìíràn kó tó sanwó.

Àwọn iye tó máa wọ inú ẹ̀rọ

Ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 2023 ni iye third party yí padà káàkiri Nàìjíríà. Ọkọ̀ ara ẹni tó jẹ́ ₦5,000 tẹ́lẹ̀ di ₦15,000. Owó tí iléeṣẹ́ lè san lórí dúkìá ẹlòmíràn tó bàjẹ́ náà kúrò ní mílíọ̀nù kan, ó di mílíọ̀nù mẹ́ta. Bí NAICOM ṣe tò ó rèé:

Ọkọ̀ ara ẹni: ₦15,000 lọ́dún, ó ń san dé ₦3,000,000.
Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ọjà ẹni tó ni ín: ₦20,000, dé ₦5,000,000.
Bọ́ọ̀sì tó ń gbé òṣìṣẹ́: ₦20,000, dé ₦3,000,000.
Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba owó kó ẹrù: ₦100,000, dé ₦5,000,000.
Kẹ̀kẹ́ Márúwá: ₦5,000, dé ₦2,000,000.
Ọ̀kadà: ₦3,000, dé ₦1,000,000.

Fún dánfó àti kọ́rọ́pe, ìwé iye iléeṣẹ́ yín ni kí ẹ tẹ̀lé. Comprehensive kò gbọ́dọ̀ dín ní 5% iye ọkọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ẹ̀dínwó tán. Ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà kò lè dín ní ₦400,000 lọ́dún. Tí ẹ bá rí ìkànnì tó ń pe ti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ₦240,000, ẹ má bá a du oníbàárà yẹn. Ìwé tó máa jáde níbẹ̀ lè má gbéra nílẹ̀ lọ́jọ́ tí òfò bá dé.

Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ gbogbo iye wọ̀nyí sí. Ẹni tó ń kọ́ ìkànnì lè fẹ́ kọ 15000 síbí, kó tún kọ ọ́ sọ́hùn-ún, kó tún fi sínú àwòrán ìpolówó. Ẹ má gbà fún un. Nígbà tí iye yí padà ní 2023, irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ló ń pe ₦5,000 lójú ewé kan, tó ń pe ₦15,000 lójú ewé kejì. Òfin ìdójútòfò tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní 2025 ti gba ipò òfin 2003, nítorí náà àyípadà ṣì lè wáyé. Lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ mú ìwé iye iléeṣẹ́ sọ́wọ́ kan, fóònù sọ́wọ́ kejì, kí ẹ wò wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́

Ọ̀gá kan ní Hilux. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí pátíkúlà, ó sì máa ń fi gbé ìyàwó àtọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta, omi inú ọ̀rá ló fi ń kó láti iléeṣẹ́ rẹ̀ lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Àgíríkì. Tí ẹ̀rọ yín bá bi í pé, «Irú ọkọ̀ wo ni?», «Ọkọ̀ ara ẹni» ló máa tẹ̀, kò sì parọ́, nítorí ọkọ̀ ara rẹ̀ ni. ₦15,000 á jáde, á san án. Lọ́jọ́ tí Hilux yẹn bá wọ ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan ní Ìtamága pẹ̀lú ẹrù omi lẹ́yìn, iléeṣẹ́ á wo ìwé, wọ́n á rí i pé ọkọ̀ ara ẹni ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀. ₦5,000 péré ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tó san àti ohun tó yẹ kó san.

Ìdí nìyí tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ béèrè irú ọkọ̀. Iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe ni kí ẹ béèrè, ní ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ fi ń sọ̀rọ̀:

«Kí ni ọkọ̀ yìí ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀?»
«Èmi àti ìdílé mi nìkan ló ń gbé.»
«Ó máa ń kó ọjà tèmi fúnra mi, ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.»
«Ó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ mi.»
«Ó ń gbé èrò tàbí ẹrù ẹlòmíràn fún owó, títí kan Bolt àti Uber.»

Gbólóhùn «ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀» yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má yọ ọ́. Láìsí i, ẹni tó ń kó ẹja láti Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ ọjà nìkan á rò pé òun ò sí lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bolt àti Uber: ọ̀pọ̀ tó ń fi Corolla wọn gbé èrò lálẹ́ ni kò ka ara wọn sí onímọ́tò èrò.

Tí àwọn oníbàárà yín bá wà tó ń ná ọjà Kútọnu, ẹ fi ìbéèrè kan kún un: «Ṣé ọkọ̀ yìí máa ń kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀?» Third party ti Nàìjíríà nìkan kò tó fún un ní òdìkejì, ECOWAS Brown Card, káàdì ìdójútòfò ọkọ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló nílò. Aṣojú tó wà ní Àgbádárìgì ló yẹ kó fi ìbéèrè yìí ṣáájú gbogbo rẹ̀.

Àpótí iye ọkọ̀

Kálukú ló ní bó ṣe ń tẹ owó. Ẹnìkan á tẹ 8000000, ẹlòmíràn á tẹ 8,000,000, òmíràn 8m, òmíràn «8 million». Tí ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ yín bá lo parseFloat, àṣẹ tó ń sọ ohun tí èèyàn tẹ̀ di nọ́ḿbà nínú JavaScript, láìkọ́kọ́ yọ kọ́mà kúrò, 8,000,000 á di 8 lójú ẹ̀rọ, ìdá 5% rẹ̀ á sì jáde ní kọ́bọ̀ 40. Tó bá lo àṣẹ Number, NaN (ìyẹn «kì í ṣe nọ́ḿbà») ni oníbàárà máa rí lójú ewé. Ẹ sọ fún un kó yọ kọ́mà, àlàfo àti àmì ₦ kúrò kó tó ṣírò, kó ka «m» àti «million» sí mílíọ̀nù, kó sì fi inputmode="numeric" sí àpótí náà kí bọ́tìnnì nọ́ḿbà máa jáde lórí fóònù. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dán ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò fúnra yín.

Àṣìṣe kejì ni òdo tó dín tàbí tó lé. 800000 àti 8000000 jọra lójú lórí fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti là. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ sábẹ́ àpótí náà bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́: «mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà». Iṣẹ́ kékeré ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, àwa ò sì mọ ohun mìíràn tó ń dín àṣìṣe kù tó o.

Ẹ má sì kọ «Iye ọkọ̀» lásán. Ẹni tó ra ọkọ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́ta ní 2019 á kọ mílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ báyìí: «Tí ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀ yìí lónìí, èló lẹ máa tà á?» Tó bá kọ iye tó kéré jù, tí olè gbé ọkọ̀ lọ, iye tó kọ sínú ìwé ni iléeṣẹ́ ò ní kọjá. Tó bá kọ iye tó pọ̀ jù, iye tí ọkọ̀ ń lọ lọ́jà ni wọ́n máa wò, owó tó fi lé lórí á ti ṣòfò. Ẹ fi gbólóhùn méjèèjì yìí sábẹ́ àpótí ní lẹ́tà kékeré.

Iye tí ẹ̀rọ bá gbé jáde fún comprehensive, ẹ pè é ní «bẹ̀rẹ̀ láti». Ọkọ̀ tó ti gbó, ọkọ̀ olówó ńlá tí iléeṣẹ́ lè ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi tírákà sí, ẹni tó ti gba owó òfò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá, gbogbo wọn lè yí iye padà. Ẹ bi í níbi tí ọkọ̀ ń sùn sí pẹ̀lú. Ọkọ̀ tó ń sùn létí ọ̀sà ní Májídùn nílò kí ẹ bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀ omíyalé, nítorí lọ́pọ̀ iléeṣẹ́, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà kún un kí omi tó wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ ọjọ́ tí omi bo ẹ́ńjìnnì ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ibi tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dẹ́kun

Ẹ wo ìyá tó ní ọjà mílíọ̀nù mẹ́wàá nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ bi í pé èló ló fẹ́ dójútòfò rẹ̀, ó kọ mílíọ̀nù mẹ́rin kí owó tó máa san lè kéré. Iná jó ọjà mílíọ̀nù márùn-ún. Ó rò pé òun á gba mílíọ̀nù mẹ́rin. Iléeṣẹ́ á ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ọjà rẹ̀ ló sanwó lé lórí, nítorí náà ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá òfò náà ni wọ́n máa san: mílíọ̀nù méjì. Ìlànà yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìdójútòfò iná, kò sì sí àpótí lórí ìkànnì tó lè ṣàlàyé rẹ̀ kó yé ìyá náà bí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ṣe máa ṣe é. Yàtọ̀ sí èyí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wo wáyà iná, ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, bóyá ẹni tó ń din àkàrà wà lẹ́bàá ògiri, àti bóyá ohun ìpaná wà nítòsí.

Fún ọjà, ilé, iléeṣẹ́ àti ẹ̀mí, ẹ fi fọ́ọ̀mù kúkúrú síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ: orúkọ, nọ́ḿbà fóònù, ohun tó fẹ́ dójútòfò, àdúgbò, àti ọjọ́ tí ẹ lè wá. Google Form tó fún èyí. Ìdáhùn á máa wọ inú Google Sheets, ẹ sì lè jẹ́ kí ímeèlì ta yín lólobó tí ọ̀kan bá wọlé. Ohun tí Google Form ò lè ṣe ni kó ṣírò owó kó sì fi han oníbàárà, ẹ má lò ó fún mọ́tò. Ìrìn-àjò òkè òkun ni mo yọ sọ́tọ̀: orílẹ̀-èdè, ọjọ́ orí àti iye ọjọ́ ló ń pinnu ọ̀pọ̀ iye rẹ̀, ẹ̀rọ sì lè ṣe é dáadáa. Ẹ kàn rí i pé èyí tó bá máa hàn fún físà Schengen ń san dé €30,000, ó kéré tán, torí ohun tí wọ́n ń béèrè nìyẹn.

Kíkọ́ ọ

Ojú ewé kan ṣoṣo tó. Ẹni tó mọ HTML àti JavaScript lè parí rẹ̀. Bí ìkànnì yín bá wà lórí WordPress, plugin fọ́ọ̀mù tó lè ṣírò á ṣe é. Ìbéèrè kan lójú kan, bọ́tìnnì ńlá, kò sí àwòrán tó ń yí. Àpapọ̀ ojú ewé náà kò gbọ́dọ̀ ju 500KB lọ, nítorí ẹni tó máa ṣí i lè wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mile 12 lálẹ́, tí nẹ́tíwọ̀kì ti di 3G. Ẹ dán an wò lórí fóònù Android olówó pọ́ọ́kú, lórí dátà, kì í ṣe lórí Wi-Fi ọ́fíìsì.

Nọ́ḿbà fóònù ni gbogbo èèyàn máa ń jà lé lórí: ṣé kí ẹ gbà á kí iye tó jáde ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Lẹ́yìn rẹ̀. Iye third party kì í ṣe àṣírí, ẹni tí ẹ bá sì fi iye dù, nọ́ḿbà irọ́ ló máa tẹ̀ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ fi iye hàn án, kí ẹ wá fi bọ́tìnnì WhatsApp sábẹ́ rẹ̀. Tó bá tẹ̀ ẹ́, nọ́ḿbà rẹ̀ gidi ló máa fi wá bá yín.

Bí lìǹkì WhatsApp ṣe rí nìyí: wa.me/234, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ nọ́ḿbà yín láìsí òdo iwájú, láìsí àmì +, láìsí àlàfo. Òdo iwájú yẹn ló máa ń pa lìǹkì jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ?text= àti ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó ti wà nínú àpótí, tí %20 dúró fún àlàfo. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kó ìdáhùn rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ náà: «Ẹ ǹlẹ́ o, third party, ọkọ̀ ara ẹni, ₦15,000. Mo fẹ́ rà á.» Ẹ ò ní tún bi í ní ohun tó ti sọ.

Ohun tó yẹ kó hàn pẹ̀lú iye:

«₦15,000 fún ọdún kan. Ó ń san fún ẹni tí ọkọ̀ yín bá pa lára, àti fún dúkìá ẹlòmíràn tó bá bàjẹ́, dé ₦3,000,000. Kò san fún àtúnṣe ọkọ̀ tiyín. Kò san tí olè bá gbé e. Iye yìí dúró di ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀. Ẹ kò tíì ní ìdójútòfò àfi tí owó bá dé ọwọ́ iléeṣẹ́.»

Ẹ má ṣe yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Láti 2013 ni NAICOM ti ń fọwọ́ líle mú ìlànà pé láìsí owó, kò sí ìdójútòfò. Ẹnìkan lè ya àwòrán ojú ewé yín, kó rò pé ó ti tó láti fi han ọlọ́pàá.

Owó àti ìwé

Àkáǹtì iléeṣẹ́ ni owó gbọ́dọ̀ wọ̀, kì í ṣe tiyín, ì báà jẹ́ pé oníbàárà ní ọ̀rẹ́ yín lòun. Orúkọ iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ hàn níbi tó ti ń sanwó, kí nọ́ḿbà láísẹ́ǹsì aṣojú yín sì wà nísàlẹ̀ ojú ewé. Ayédèrú ìwé third party pọ̀ nílẹ̀ débi pé ẹni tó dára jù nínú àwọn oníbàárà yín máa ṣiyèméjì, ó sì tọ́ kó ṣiyèméjì. Ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò: tí ìwé bá ti jáde, kó tẹ *565*11# tàbí kó lọ sí askNIID, ìkànnì tí wọ́n ti ń yẹ ìdójútòfò ọkọ̀ wò, kó fi nọ́ḿbà ọkọ̀ rẹ̀ wò ó. Tí kò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ yín kò tíì parí. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì tẹ̀ nínú nọ́ḿbà ọkọ̀ ló máa ń fà á nígbà míì, O dípò 0, nítorí náà ẹ ní kó ya àwòrán pátíkúlà fi ránṣẹ́ dípò kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ má béèrè NIN lórí ẹ̀rọ adíyelé, ẹ má sì béèrè BVN láé. Iye third party kò nílò ìkankan nínú wọn. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti 2023 kan yín, bó ti wù kí ọ́fíìsì yín kéré tó: ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi nọ́ḿbà èèyàn ṣe, ẹ má gbà ju ohun tí ẹ nílò lọ. Tí àṣírí bá tú sítà, tó sì lè pa àwọn tó ni ín lára, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó NDPC, àjọ tó ń mójútó ìdáàbòbò dátà, létí. Ibi tó ti ń tú jù ni Google Sheets tí ẹnìkan fi sí «Anyone with the link» kí ọmọ ọ́fíìsì lè tètè ṣí i. Ẹ lọ wò ó báyìí. Ẹni tó béèrè iye tí kò rà, ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Lẹ́yìn tí ó bá tẹ bọ́tìnnì

Ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni tó ń dáhùn lẹ́yìn rẹ̀ burú ju àìní ẹ̀rọ lọ. Ẹni tó tẹ bọ́tìnnì náà ti fẹ́ sanwó. Láàárín ìṣẹ́jú 15 ni kí ẹ dá a lóhùn ní wákàtí iṣẹ́. Fún òru, WhatsApp Business ní ìdáhùn aládàáṣiṣẹ́. Ẹ kọ wákàtí gidi sínú rẹ̀, «A máa dá yín lóhùn kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù», kí ẹ sì pa á mọ́. Ẹ lo lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pẹ̀lú: ẹni tó béèrè iye, ẹni tó ti sanwó, ẹni tí ìwé rẹ̀ ti jáde.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ ìdójútòfò ẹ̀mí lẹ ń tà jù, tí àwọn tó ń ṣí ìkànnì yín kò sì ju èèyàn mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀, ẹ má tíì náwó sí ẹ̀rọ. Àwòrán iye third party lórí status WhatsApp á ṣiṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ti ní ẹ̀rọ, ẹ gbé e lọ bá àwọn èèyàn: QR code lórí bébà tí wọ́n fi rọ́bà bò, ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ní gáréèjì kẹ̀kẹ́ ní Bẹ́ńsìn. Kí QR náà gbé wọn lọ sí ìbéèrè àkọ́kọ́ gan-an, kì í ṣe ojú ilé ìkànnì yín.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ka nǹkan mẹ́ta: iye àwọn tó bẹ̀rẹ̀, iye àwọn tó dé ibi iye owó, iye àwọn tó sanwó. Tí 40 bá bẹ̀rẹ̀ tí 12 péré dé ibi iye, ìbéèrè kan ń lé wọn sá. Ẹ wá a, ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ tún un sọ. Tí 30 bá rí iye tí ẹnìkan ṣoṣo sanwó, ẹ̀rọ ò lẹ́bi. Ìdáhùn yín lórí WhatsApp ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.

Nínú Sheets yín, ẹ fi òpó kan sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan máa parí. Ẹ ránṣẹ́ sí i nígbà tó bá ku ọjọ́ 30, kí ẹ tún ránṣẹ́ nígbà tó bá ku ọjọ́ 7, pẹ̀lú lìǹkì tí ìdáhùn tó fún yín lọ́dún tó kọjá ti wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ḿbà ọkọ̀ náà sínú ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ẹni tó ní kọ́rọ́pe mẹ́ta ní láti mọ èyí tí ìwé rẹ̀ fẹ́ parí nínú wọn.